Òfin Tí Kò Ní Kùmọ̀: Ìbéèrè Kan Lórí Ọ̀sìn Ẹran àti Àdéhùn Àtinúwá

Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òfin ìlú àti ìwà ọmọlúàbí, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Ó ti kà nínú ìwé Faransé pé àwọn olùsìn adìẹ kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ìlànà líle sọ́rùn, láìjẹ́ pé ìjọba fi ipá mú wọn. Ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, bí kò bá sí ẹni tí yóò fi ìyà jẹ ẹni tí ó kọ̀ ọ́, kí ni ó sọ ọ́ di òfin? Bí ó bá sì jẹ́ pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń pa á mọ́, kí ni ó sọ ọ́ di ìwà rere?»

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè méjì ni ọmọ náà bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó rọrùn nínú méjèèjì. A dá a lóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀sìn ẹran jẹ́ iṣẹ́ tí ń bọ́ ènìyàn, tí ó sì ń náni ní nǹkan púpọ̀. Màlúù ń jẹ koríko, ó ń mu omi, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì ti ń jẹ àpọ̀jẹ, afẹ́fẹ́ kan ń ti ẹnu rẹ̀ jáde tí ó wà lára àwọn tí ń mú ayé gbóná. Ní ọdún 2006, FAO, èyíinì ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé ìpín 18 nínú 100 irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ aráyé ń dá sílẹ̀ ni ó ti inú ọ̀sìn ẹran wá. Ní 2013 àjọ náà tún ìṣirò yìí ṣe, ó ní 14,5 ni. Ní 2023 ó ní nǹkan bí 12. Kì í ṣe pé ẹran dínkù láyé láàárín ọdún wọ̀nyí; ọ̀nà ìṣirò ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní láti ní ìrẹ̀lẹ̀ níwájú iye tí ń yí padà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù lọ nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti mú kí ọlọ́gbọ́n ronú.

Láti inú àníyàn bẹ́ẹ̀ àti irú rẹ̀ ni ohun tí a ó máa pè ní òṣùwọ̀n àtinúwá ti wá. Òṣùwọ̀n àtinúwá ni ìlànà tí àwọn olùsìn ẹran, àwọn olùpẹran, àwọn olùtajà àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú jókòó kọ sílẹ̀, pé báyìí ni a ó ṣe máa sin ẹran kí ilẹ̀, omi, ènìyàn àti ẹran fúnra rẹ̀ má baà jìyà, kí àwọn ọmọ wa sì lè rí ilẹ̀ sin ẹran lẹ́yìn wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kà nípa rẹ̀ ni a ń pè ní Label Rouge. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ọdún 1960 ni ó ṣí ọ̀nà fún un ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1965 ni adìẹ kọ́kọ́ gba àmì náà, adìẹ àwọn olùsìn agbègbè Landes. Kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kí adìẹ rẹ̀ rí ìta jáde sí, kò sì gbọdọ̀ pa á kí ó tó pé ọjọ́ 81, nígbà tí ó jẹ́ pé adìẹ ilé-ìsìn ńláńlá kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ láyé. Àwọn alábẹ̀wò tí kì í ṣe ará ilé olùsìn a sì máa wá wò ó bóyá ó ń ṣe ohun tí ó sọ.

Ti màlúù dé lẹ́yìn. Ní 2012, àwọn olùsìn, àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹgbẹ́ aláàbò ẹ̀dá dá ìpàdé àgbáyé kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Global Roundtable for Sustainable Beef. Ní 2014, wọ́n fẹnu kò sórí ìlànà márùn-ún: ìtọ́jú ilẹ̀, omi àti igbó, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti àwùjọ, ìlera àti ìrọ̀rùn ẹran, oúnjẹ tí ó ṣeé fọkàn tán, àti lílo ọgbọ́n tuntun kí ìfiṣòfò lè dínkù. Wọn kò fi ìwọ̀n kan náà lé gbogbo ayé lórí. Wọ́n ní kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ó sọ bí ìlànà náà yóò ti rí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan yìn wọ́n fún èyí. Àwọn mìíràn ní ìlànà tí kò ní ìwọ̀n tí a lè kà kò yàtọ̀ sí àdúrà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ọmọ náà. Ṣé òfin tí kò ní kùmọ̀ lè jẹ́ òfin?

Àwọn bàbá wa ti dáhùn rẹ̀, kí a tó bí wa. Ní oko wọn, ohun kan wà tí à ń pè ní ààlè. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì lè rù ú tán lọ́jọ́ náà, a so àkísà, tàbí ṣùkù àgbàdo, tàbí àjákù bàtà mọ́ ọn, a sì lọ sílé lọ sùn. Kò sí ọlọ́dẹ níbẹ̀. Àkísà kò lè lu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, olóhun a padà wá, a sì bá igi rẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìbẹ̀rù agbára tí ó wà lẹ́yìn ààlè ni. A kò sẹ́ ẹ; ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a gbà pé ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó jinlẹ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹni tí ń kọjá lọ náà ní igi tirẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà mìíràn, àkísà ni òun náà so mọ́ ọn. Bí ó bá mú ti ẹlòmíràn, ó ti sọ àkísà tirẹ̀ di àkísà lásán. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí kò ní kùmọ̀ ṣe ń dúró: gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun náà sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun kan náà yìí ni ó fi ibi tí agbára ààlè mọ hàn wá. Níbi tí ojú kò ti mọ ojú, ààlè kò lágbára. Bí ọkọ̀ àjèjì bá gba ọ̀nà oko kọjá, tí awakọ̀ rẹ̀ kò ní igi kankan ní agbègbè náà, tí kò sì ní padà wá mọ́, kí ni àkísà yóò sọ fún un? Ọjà ẹran ayé òde òní, ọjà àjèjì ni. Ẹni tí ó jẹ ẹran kò mọ ẹni tí ó sìn ín. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n àtinúwá fi nílò alábẹ̀wò, ìwé ẹ̀rí àti àmì: ojú ni ó ń wá rọ́pò, níbi tí ojú kò sí.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹlòmíràn ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé: nǹkan yìí ní olóhun, má fọwọ́ kàn án. Olóhun fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n àtinúwá ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé: lóòótọ́ ìwọ ni o ni màlúù yìí, ṣùgbọ́n má ṣe é bí ó bá ti wù ọ́. Ààlè tí ènìyàn so mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó sì ṣòro láti pa irú ààlè bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé ọwọ́ tí a so ó mọ́ náà ni ó lè tú u.

A ó mú àpẹẹrẹ méjì wá, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ìtàn alẹ́.

Èkíní ti ilẹ̀ Swídìn wá. Ní àkókò náà, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n a máa po oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn mọ́ oúnjẹ ẹran tí kò ṣàìsàn rárá, kí ó lè tètè tóbi. Ewu rẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn tí ó bá ń rí oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ a máa kọ́ bí a ti ń fara dà á, títí ọjọ́ tí ènìyàn yóò fi lo oògùn náà tí kò ní ràn án mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Swídìn fúnra wọn ni wọ́n sọ pé kí a dá a dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì ní kí ìjọba sọ ọ́ di òfin. Ní 1986 ó di òfin ní ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù bọ́ sábẹ́ òfin kan náà. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ kan fi inú rere bẹ̀rẹ̀ di òfin fún orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.

Èkejì ti ilẹ̀ Bràsíl wá. Ní 2009, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Greenpeace gbé ìwé kan jáde lórí bí a ti ń pa igbó Amasónì run nítorí màlúù, àwọn ilé-iṣẹ́ apẹran tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní ra màlúù mọ́ láti oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó náà fún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oko tí ń tà á fún wọn tààrà. Ṣùgbọ́n màlúù kì í sábà gbé oko kan ṣoṣo láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ ikú. A lè bí ọmọ màlúù sórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó igbó rẹ̀, kí a tà á fún oko kejì tí ìwé rẹ̀ mọ́, kí oko kejì sì tà á fún ilé-iṣẹ́. Ìwé mọ́, ilẹ̀ kò mọ́. A kò sọ pé àdéhùn náà kò ṣe rere kankan. Oko tí wọ́n ń ṣọ́ mọ̀ pé ojú wà lára òun. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú alábẹ̀wò mọ, ibẹ̀ ni ìwà rere náà mọ.

Kí ni ó ya èkíní yà kúrò lára èkejì? Kì í ṣe pé àwọn ará Swídìn jẹ́ ènìyàn rere, tí àwọn ará Bràsíl sì jẹ́ ènìyàn búburú. Ohun tí a rí ni pé àwọn àgbẹ̀ Swídìn fẹ́ kí àdéhùn wọn di òfin fún gbogbo ènìyàn. Nínú èyí ni a ti rí ìbéèrè tí a lè fi dán gbogbo òṣùwọ̀n àtinúwá wò: ẹni tí ó gbà á, ṣé ó fẹ́ kí ó di òfin lọ́la, àbí ó gbà á kí òfin má baà wá? Bí ó bá fẹ́ kí ó di òfin, aṣíwájú òfin ni àdéhùn rẹ̀. Bí ó bá ń fi í dí ọ̀nà òfin, aṣọ ni ó fi bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè kejì ọmọ náà wá kù: bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń pa á mọ́ ńkọ́?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí yóò rántí Kant, ará Jámánì, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1785 nípa oníṣòwò tí kì í rẹ́ ọmọdé jẹ. Kant ní bí ó bá jẹ́ pé nítorí èrè ni oníṣòwò náà ṣe ń ṣe òótọ́, ìṣe rẹ̀ bá ojúṣe mu, ṣùgbọ́n kò ti inú ojúṣe wá. A gbà pé òótọ́ wà nínú èyí. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí lọ́jà yóò fi kún un. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ wọn gàrí dáadáa kí oníbàárà lè padà wá, bí ó bá ti ń ṣe é fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń wọn ìwọ̀n èké mọ́. Owó lè mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ìwà rere. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó gba ibẹ̀ dé. Ọjọ́ tí owó bá kọ̀yìn sí i ni a ó mọ̀ bóyá ó ti wọlé.

Nínú ọ̀sìn ẹran, ọjọ́ náà kò jìnnà. Ohun kan wà tí ẹni tí ó ra ẹran lè fi ẹnu mọ̀: adìẹ tí ó pẹ́ láyé le lẹ́nu, ó sì dùn ju èyí tí a fi ipá mú tóbi lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ahọ́n tí ó lè mọ̀ pé òùngbẹ gbẹ àgbò kan láti àárọ̀ títí di alẹ́ nínú ọkọ̀ ẹrù kí ó tó dé ọjà. Kò sí ahọ́n tí ó lè mọ̀ pé omi tí àwọn ará abúlé ń pọn ni a fọ ìgbẹ́ ẹran sí. Nínú òwò yìí, ẹran ni ó dà bí ọmọdé Kant: a lè rẹ́ ẹ jẹ, kò sì ní lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí náà wà ní ipò kan náà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni òṣùwọ̀n kan, kí a wo apá ibẹ̀ tí olówó kò lè tọ́ wò.

Yúróòpù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èyí. Ní 1964, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ruth Harrison kọ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí a ti ń ha ẹran mọ́ inú ilé-ìsìn bí ẹ̀rọ. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ìgbìmọ̀ Brambell, tí ó sọ ní 1965 pé ó kéré tán, ẹran gbọ́dọ̀ ní àyè láti dìde, láti dùbúlẹ̀, láti yí padà, láti tọ́jú ara rẹ̀ àti láti na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti wá mú ohun márùn-ún jáde ní 1979: kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹran, kí ó má gbé inú ìnira, kí a gbà á lọ́wọ́ ìrora, ọgbẹ́ àti àrùn, kí ó lè hùwà bí irú rẹ̀ ti ń hùwà, kí ó má gbé inú ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n àtinúwá lónìí, orí ohun márùn-ún yìí ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn àgbà wa ní, màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ni ń bá a lé eṣinṣin. Wọ́n tún ní, ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní òwe wọ̀nyí láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà, a ń rí adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀, tí a gbé kọ́ ara alùpùpù, orí wọn nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn lókè. A ń rí ewúrẹ́ tí a dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù bí àpò ẹ̀gẹ́. A kọjá lára wọn, a lọ sọ òwe ní àpérò. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ìmọ̀.

A gbọ́ ohùn ẹni tí yóò sọ pé: ebi ń pa ènìyàn, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ewúrẹ́! Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, a kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: omi tí a fún ẹran mu kí ó tó wọ ọkọ̀, èló ni? Ẹran tí ó kú lójú ọ̀nà nítorí òùngbẹ, ta ni ó jẹ èrè rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú ìwà ìkà tí à ń hù sí ẹran kò mú owó kankan wọlé fún wa. Àìbìkítà ni, tí a ti fi orúkọ òṣì pè.

Ìṣòro mìíràn wà tí ó ká wa lára ju èyí lọ. Ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ «àtinúwá» fúnra rẹ̀. Inú ta ni ó ti wá?

Ẹ wo àwọn obìnrin Fúlàní tí ń ṣe wàrà ní agbègbè wa. Wọ́n fún wàrà, wọ́n gbé e ka iná, wọ́n fi omi ewé bomubomu mú un dì. Àwọn tí ó bá fẹ́ kí ó pupa sì fi pòròpórò ọkà bàbà sè é. Owó wàrà ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ fún ilé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé lọ́la, àwọn tí ń rà á ní Kùtọnú sọ pé àwọn kò ní ra wàrà mọ́ àfi èyí tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí òfin tí ó fi dandan mú obìnrin náà. Ó lè kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀, ọjà rẹ̀ ti kú. Bí ó bá sì gbà, ta ni yóò san owó alábẹ̀wò, ta ni yóò ka ìwé náà sí i létí? Olówó tí ó ní màlúù púpọ̀ nínú ọgbà yóò gba ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ kan. Àtinúwá ní orúkọ, dandan ní ìṣe, ẹni tí kò ní lọ́wọ́ sì ni dandan náà yóò bá. Òṣùwọ̀n tí a ṣe láti dáàbò bo ẹran àti ilẹ̀ yóò wá gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ba ilẹ̀ jẹ́ tó olówó.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò ru ẹrù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń di ẹrù náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò lè fi inú rẹ̀ gbà á. Ohun tí kò sì ti inú ènìyàn wá, tí a fi orúkọ àtinúwá pè, irọ́ ni, bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agbo màlúù a máa sọ̀ kalẹ̀ láti apá òkè wá wá koríko àti omi. Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Láti 1998 ni CEDEAO ti ṣe ìpinnu lórí bí màlúù yóò ti máa kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí darandaran gbọ́dọ̀ mú dání. Ní 2018, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìdaran. Ní ìparí 2019, ìjọba dá ìdaran láti ilẹ̀ òkèèrè dúró. A bọ̀wọ̀ fún òfin wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ní òru, láàárín oko àgbàdo kan àti agbo màlúù kan, kò sí olófin tí ó dúró níbẹ̀. Àgbẹ̀ àti darandaran nìkan ni ó wà níbẹ̀, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti bá ara rẹ̀ sọ.

Ó sì ku ẹnìkan tí a kì í sábà dárúkọ. Gbogbo màlúù tí Fúlàní ń dà kọ́ ni Fúlàní ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àgbẹ̀, ti oníṣòwò, ti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó fi owó rẹ̀ ra ẹran, tí ó sì fi í sọ́wọ́ darandaran. Bí màlúù bá wọ oko olóko, darandaran ni a ń lé, darandaran ni a ń bú, nígbà mìíràn darandaran ni a ń pa. Olóhun wà nílùú, ó ń bá wa jókòó, ó ń bá wa dárò. Bóyá ó tilẹ̀ wà nínú àwọn tí ń ka àròkọ yìí. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ so ààlè mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Kí ni ìlànà tiwa lè jẹ́, bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀? A kò ní gùn ún ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kí ẹni tí ó ní màlúù lọ́wọ́ darandaran jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí ó sì san owó oko tí ẹran rẹ̀ bá jẹ. Kí àgbẹ̀ má gbin nǹkan sí ojú ọ̀nà tí gbogbo ìlú ti gbà fún màlúù. Kí a má fún ẹran ní oògùn tí a rà ní ẹ̀gbẹ́ títì láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran, kí a má sì ta wàrà rẹ̀ títí oògùn náà yóò fi kúrò lára rẹ̀. Kí ẹran rí omi mu kí ó tó wọ ọkọ̀, kí a sì gbé e kí orí rẹ̀ wà lókè. Kí darandaran àti àgbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, jókòó papọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti wo ohun tí ó yẹ kí a yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu nítòsí wa. A lè bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ láti bá wa wọn ohun tí ojú lásán kò lè wọ̀n. Kò sí èyí nínú rẹ̀ tí ó nílò àmì pupa tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè.

Bí ó bá di ọdún mélòó kan, tí a sì rí i pé ó ṣeé ṣe, kí a gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ kọ́múnù, kí a ní kí wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwa fúnra wa. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni a ń ṣe.

Ohun tí a ó sọ fún ọmọ náà nìyí, nígbà tí a bá tún dé orí ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó sọ ìlànà tí kò ní kùmọ̀ di òfin ni pé àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ ṣe é, wọ́n sì jọ sá sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìwà rere ni pé a pa á mọ́ níbi tí ẹni tí a lè rẹ́ jẹ kò lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá tún nawọ́ sókè, tí ó bi wá bóyá àwa náà ní ẹran lọ́wọ́ ẹnìkan, a ó ní láti dá a lóhùn ní òtítọ́.